Kí A Tó Fa Ọmọ Lé Ọlọ́pàá Lọ́wọ́

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin aṣíwájú àdúgbò, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lórí ìjókòó, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ wúwo lọ́kàn mi, n kò sì fẹ́ kí ìkíni jẹ àkókò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún 15 kan. Kì í lọ sílé ìwé déédéé mọ́. Ó ti ń fa igbó. Lálẹ́ ọjọ́ kan, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ já fóònù gbà lọ́wọ́ ẹnìkan, wọ́n sì gbá onítọ̀hún létí. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà yẹn lọ, ọ̀nà méjì ló wà níwájú àwọn àgbà tó yí i ká. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, kí kálukú wọlé lọ sùn. Ìkejì ni kí àwọn tó mọ̀ ọ́n jókòó tì í, kí ẹni tí wọ́n já fóònù rẹ̀ gbà náà wà níbẹ̀, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè, kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe, kí wọ́n jọ pinnu bí yóò ṣe tún un ṣe, kí wọ́n má sì fi í lọ́rùn sílẹ̀ títí yóò fi ṣe é tán. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ọ̀nà àkọ́kọ́ ló le, pé ìkejì jẹ́ ti àwọn aláàánú tí kò mọ ayé. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kejì ló le jù. Ó le fún ọmọ náà, nítorí kò ráyè sá fún ojú ẹni tó ṣẹ̀. Ó le fún àwa àgbà, nítorí a ò ráyè gbé ẹrù wa ka orí ẹlòmíràn. Òun náà ló sì ń so èso jù, ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni mo wá ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ọ̀nà àkọ́kọ́ wò. Ní 2010, Anthony Petrosino àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde ìwádìí 29 jọ, èyí tó kan ọ̀dọ́ tó lé ní 7,000. Nínú ìwádìí kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ṣẹ́ kèké ni wọ́n ṣe pín àwọn ọmọ tó ṣẹ̀. Wọ́n gbé àwọn kan gba ọ̀nà kóòtù bí òfin ṣe là á sílẹ̀. Wọ́n yọ àwọn yòókù kúrò níbẹ̀, wọ́n kìlọ̀ fún wọn, tàbí kí wọ́n fà wọ́n lé àwọn tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, gbígbé ọmọ lọ sí kóòtù kò dín ìwà ọ̀daràn kù. Ńṣe ló jọ pé ó tún fi kún un.

Ẹ̀rù náà ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ẹ̀rù ló yẹ kó ba ọmọ? Wọ́n dán ìyẹn náà wò. Ní àwọn ọdún 1970, ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Rahway ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, wọ́n a máa kó àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìpáǹle wọnú ọgbà lọ, kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n gbére lè pariwo mọ́ wọn, kí wọ́n dẹ́rù bà wọ́n, kí wọ́n sọ ohun tí ojú ń rí lẹ́wọ̀n fún wọn. Gbogbo ayé ló gbọ́ nípa rẹ̀, ọ̀pọ̀ ibòmíràn sì fara wé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí fi àwọn ọmọ tó lọ wé irú wọn tí kò lọ, àwọn tó lọ ló dẹ́ṣẹ̀ jù lẹ́yìn náà. Ìbẹ̀rù tí a dá sí ọmọ lára ní ọ̀sán kan kò bá a délé.

Ìdí rẹ̀ ò ṣòroó rí. Ọ̀dọ́ tí wọ́n bá tì mọ́lé pàdánù ilé ìwé, ó pàdánù ọ̀rẹ́ rere tó kù fún un, ó sì bá àwọn tó jù ú lọ nínú ìwàkiwà pàdé nínú àhámọ́. Bó bá jáde, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ti ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó ti fẹ́ wáṣẹ́. Ìkan tún wà tí kì í jẹ́ kí n sùn bí mo bá rò ó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ì bá fúnra wọn jáwọ́. Terrie Moffitt, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kẹ́kọ̀ọ́ lára àwọn ọmọ 1,037 tí wọ́n bí ní Dunedin, ní New Zealand, ní 1972 àti 1973, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1993 pé oríṣi méjì ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń rúfin. Àwọn díẹ̀ wà tí wàhálà wọn ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré tí kò sì tán bọ̀rọ̀. Àwọn tó pọ̀ jù ni àwọn tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bàlágà, tí wọ́n sì ń fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà, tí wọ́n ń ríṣẹ́, tí wọ́n ń fẹ́ aya tàbí lọ sílé ọkọ. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó já lé wa léjìká ni pé kí a má ti ilẹ̀kùn tí ọmọ náà ì bá gbà jáde.

Òfin àgbáyé pàápàá ti rí èyí. Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 1989, sọ nínú abala 37 pé títi ọmọdé mọ́lé gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun ìkẹyìn, fún ìgbà tó kúrú jù tó bá ṣeé ṣe. Abala 40 ní kí àwọn orílẹ̀-èdè wá ọ̀nà tí wọn yóò fi bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ tó rúfin láìgbé e dé kóòtù, níbi tó bá ti yẹ. Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kì í ṣe ojúure tuntun. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọba ti buwọ́ lù ni.

Ó wá ku àwa. Kí ni a ń pè ní àdúgbò tó ń mójú tó ọmọ? Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ràn lórí èyí, torí ó sọ ọ́ di ohun tí èèyàn lè fọwọ́ kàn. Ní 1997, Robert Sampson, Stephen Raudenbush àti Felton Earls tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí ìlú Chicago. Wọ́n ti bá èèyàn 8,782 sọ̀rọ̀ ní àdúgbò 343. Ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n kò díjú rárá. Bí àwọn ọmọ bá sá nílé ìwé tí wọ́n ń ṣeré kiri ní orígun àdúgbò, ṣé aládùúgbò rẹ lè ṣe nǹkan sí i? Bí wọ́n bá ń fi ọ̀dà kọ ìkọkúkọ sára ilé ńkọ́? Bí ọmọ kan bá rí àgbà fín? Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ níwájú ilé rẹ? Wọ́n tún béèrè bóyá àwọn èèyàn náà gbẹ́kẹ̀ lé ara wọn. Ní àdúgbò tí ìdáhùn ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìwà ipá kéré, kódà nígbà tí wọ́n ti ro ti òṣì àti àìníṣẹ́ mọ́ ọn. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe bóyá àwọn aládùúgbò jọ ń jẹun ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá àgbà kan yóò jáde síta láti bá ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ wí, kí ó sì dá a lójú pé àwọn yòókù wà lẹ́yìn òun. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sọ. Àmọ́ àgbà tó bá rò pé òun nìkan ni yóò sọ̀rọ̀, tí àwọn yòókù yóò máa wò, á fẹjú mọ́ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan péré, á sì kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bó ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá ṣe é. Ní Elmira, ìlú kékeré kan ní agbègbè Ontario ní Kánádà, ní 1974, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún 18, ìkejì ọmọ ọdún 19, mutí yó lóru ọjọ́ kan, wọ́n sì ba nǹkan jẹ́ káàkiri ìlú. Wọ́n dá táyà ọkọ̀ lu, wọ́n fọ́ fèrèsé, wọ́n ba ọkọ̀ ojú omi jẹ́. Ibi 22 ni ọwọ́ wọn kàn kí wọ́n tó sinmi. Ọ̀kan nínú wọn ti pàdánù bàbá àti ìyá rẹ̀. Wọ́n gbà pé àwọn jẹ̀bi, ẹnikẹ́ni ò sì ní ṣe háà bí wọ́n bá rán wọn lẹ́wọ̀n.

Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kan tó ń mójú tó àwọn tí kóòtù ò rán lẹ́wọ̀n dábàá pé kí adájọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà lọ kojú àwọn tí wọ́n ba nǹkan wọn jẹ́. Adájọ́ gbà, ó sún ẹjọ́ síwájú. Òṣìṣẹ́ yìí àti ẹnìkejì rẹ̀ bá àwọn ọmọ náà jáde, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn àgbà méjèèjì dúró sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ló ń kan ilẹ̀kùn. Bí onílé bá ṣí i, àwọn ni yóò sọ pé àwọn ni. Ẹ ro ìgbà tí ilẹ̀kùn ń ṣí lọ́wọ́ yẹn, tí o ò tíì mọ irú ojú tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sì ro pé ìwọ yóò tún kan ti ẹni tó kàn. Bí àwọn kan ṣe bínú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan dárí jì wọ́n. Wọ́n sọ iye tí nǹkan wọn bà jẹ́ tó. Nígbà tí ẹjọ́ padà dé kóòtù, adájọ́ ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan san owó ìtanràn 200 dọ́là, kí ó sì san tó 550 dọ́là fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n sábẹ́ ìṣọ́ fún oṣù 18. Láàárín oṣù mélòó kan, wọ́n tún padà sí ojúlé wọ̀nyẹn, wọ́n fowó kálukú lé e lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn dàgbà di ẹni tó ń bá àwọn ẹlòmíràn parí ìjà. Láti inú ọ̀rọ̀ yẹn ni ètò tí ń mú ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ pàdé ti bẹ̀rẹ̀ sí tàn ká ní Kánádà àti Amẹ́ríkà.

Ẹ̀wọ̀n ì bá ti gba àwọn ọmọ yẹn lọ́wọ́ ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn. Ìyẹn ni mo ṣe sọ pé ọ̀nà yìí le.

Ní New Zealand, wọ́n sọ ọ́ di òfin. Kí ó tó di bẹ́ẹ̀, ìjọba a máa gba àwọn ọmọ Māori, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, lọ́wọ́ ẹbí wọn lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n ń kó wọn sí ilé ìtọ́jú ìjọba. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí àwọn ilé ìtọ́jú wọ̀nyí, ti ìjọba àti ti ẹ̀sìn, jábọ̀ ní 2024 pé láàárín 1950 sí 2019, ó ṣeé ṣe kí àwọn tí wọ́n fìyà jẹ níbẹ̀ tó 200,000, ọmọdé àti àgbà. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, olórí ìjọba dúró nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó tọrọ àforíjì. Ẹ rántí èyí nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọmọ tó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ti rí alábòójútó. Àwọn Māori ti ń pariwo tipẹ́ pé ẹbí àti ìbátan ló yẹ kó pinnu lórí ọ̀rọ̀ ọmọ wọn. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1989 gbọ́ wọn. Ó dá ìpàdé ẹbí sílẹ̀, ó sì fi í ṣe òpómúléró fún ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ tó rúfin.

Ẹ bá mi wọ yàrá náà. Kì í ṣe kóòtù. Ó lè jẹ́ gbọ̀ngàn ìpàdé àwọn Māori bí ẹbí bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ọ́fíìsì. Wọ́n lè fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà wà níbẹ̀, òbí rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀, ìyá àgbà, ẹnikẹ́ni tí ẹbí bá pè. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ wà níbẹ̀ bó bá fẹ́, ó sì lè mú ẹni tí yóò dúró tì í wá. Ọlọ́pàá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, agbẹjọ́rò ọmọ náà lè wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ni pípe ìpàdé ló ń darí rẹ̀. Ọlọ́pàá ka ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n bi ọmọ náà bóyá òótọ́ ni. Bó bá sẹ́, ìpàdé tán nìyẹn, kóòtù ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá gbà, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ yóò sọ tirẹ̀.

Ohun tó kàn ló wú mi lórí jù. Ọlọ́pàá dìde, agbẹjọ́rò dìde, olùdarí ìpàdé dìde, àlejò gbogbo jáde. Ó ku ẹbí nìkan. Kò sí ẹni tó ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀. Níbẹ̀ ni àǹtí ti lè sọ pé ọmọ yìí ò rójú sùn láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìyá àti bàbá rẹ̀ ti dàrú. Níbẹ̀ ni àbúrò bàbá ti lè sọ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, tí ìyá àgbà yóò bi í bóyá ó mọ ohun tó ń sọ. Òtítọ́ tí ẹbí ń fi pamọ́ fún ìjọba, wọn ò lè fi pa mọ́ fún ara wọn. Nígbà tí wọ́n bá ṣe tán, wọn yóò pe àwọn yòókù wọlé padà, wọn yóò gbé ètò kalẹ̀: bí ọmọ náà yóò ṣe tọrọ àforíjì, iye tí yóò san, iṣẹ́ tí yóò ṣe fún ìlú, ilé ìwé tí yóò padà sí, ẹni tó máa bójú tó o. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ àti ọlọ́pàá lè fara mọ́ ọn, wọ́n sì lè ní kí wọ́n tún un ṣe. Ìpànìyàn kì í gba ọ̀nà yìí. Ní 2019, wọ́n fẹ òfin náà dé orí àwọn ọmọ ọdún 17.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ gún. Ìgbà mìíràn wà tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kì í wá, nítorí wọn ò fi àkókò ìpàdé lọ̀ ọ́ dáadáa. Ọmọ Māori ṣì pọ̀ jù iye tó yẹ lọ nínú àwọn tó ń dé kóòtù. Ètò tó dára lórí ìwé máa ń kú bí kò bá sí ilé ìwé tó fẹ́ gba ọmọ náà padà. Ìyẹn kò sọ pé ọ̀nà náà ò dáa. Ó sọ pé ìpàdé nìkan ò tó.

Orílẹ̀-èdè Scotland gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà. Ní 1964, ìgbìmọ̀ tí adájọ́ Kilbrandon ṣe alága rẹ̀ sọ ohun kan tó yẹ kí gbogbo òbí gbọ́: ọmọ tó ń ṣe ìkà àti ọmọ tí wọ́n ń ṣe ìkà sí, ohun tí àwọn méjèèjì ń fẹ́ lọ́wọ́ àgbà kò yàtọ̀. Òfin tẹ̀ lé e ní 1968, nígbà tó sì di 1971, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ọmọdé ti kúrò ní kóòtù, wọ́n gbé e wá síwájú èèyàn mẹ́ta. Àwọn mẹ́ta yìí kì í ṣe adájọ́. Ará ìlú ni wọ́n, wọ́n yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọn ò sì gba owó oṣù. Ohun tí ọmọ náà nílò ni wọ́n ń jókòó lé lórí. Ẹjọ́ tó bá le gan-an ṣì lè lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n ìyẹn kéré.

Nípa ti àwọn tó ti gbé ọ̀bẹ tàbí ìbọn, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọkàn ọ̀pọ̀ yín wà. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti ìpàdé kan. Ní Glasgow, ìlú ńlá kan ní Scotland, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìpáǹle ti ń fi ọ̀bẹ gún ara wọn láti ìran dé ìran, ọlọ́pàá fúnra wọn ló gbà ní 2005 pé àwọn nìkan ò lè dá a ṣe, wọ́n sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tó mú ìwà ipá bí àìsàn tó ń ràn. Ní 2008, wọ́n pe àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ wọ̀nyí wá sí kóòtù, kì í ṣe láti dá wọn lẹ́jọ́. Dókítà sọ ohun tó ń rí lára àwọn tí wọ́n gún. Ìyá sọ ohun tí ọ̀bẹ ṣe sí ilé rẹ̀. Ẹni tó ti jáde nínú ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún wọn ní nọ́ńbà kan: bí o bá fẹ́ jáwọ́, pè, a ó bá ọ wá iṣẹ́, a ó bá ọ wá ilé ẹ̀kọ́. Àwọn tí wọ́n pa ní gbogbo Scotland ní 2004 sí 2005 jẹ́ 137. Ní 2022 sí 2023, wọ́n jẹ́ 52. Kò sí ẹni tó lè fi gbogbo ìyẹn sọrí ètò kan ṣoṣo, àmọ́ ìlú náà kọ́ láti máa bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gúnra wọn.

Ní Richmond, ní California, wọ́n lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Ní 2007 tí wọ́n pa èèyàn 47 nínú ìlú kékeré yẹn, ìjọba ìlú dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí kì í ṣe ti ọlọ́pàá, wọ́n fi DeVone Boggan ṣe olórí rẹ̀. Àwọn tó gbà síṣẹ́ ni àwọn tí wọ́n ti ṣẹ̀wọ̀n rí, tí wọ́n mọ òpópónà náà. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n wá àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀ pé ìbọn kò jìnnà sí, kí wọ́n máa lọ bá wọn lójoojúmọ́. Láti 2010, wọ́n mú wọn wọ ètò oṣù 18: kí kálukú kọ ohun tó fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe, kí wọ́n máa tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, bó bá sì ń ṣe é, wọ́n lè fún un ní owó tó tó 1,000 dọ́là lóṣù. Ọ̀rọ̀ owó yẹn bí àwọn èèyàn nínú. Mo mọ̀ pé ó lè bí àwọn kan nínú níbí náà. Ní 2014, àwọn tí wọ́n pa jẹ́ 11. Àwọn ọlọ́pàá ìlú náà ti tún ìwà wọn ṣe pẹ̀lú lásìkò yẹn, ó sì yẹ ká fún wọn ní ìyìn tiwọn. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ọ̀nà tí a lè gbà ka ẹ̀mí èèyàn sí ohun tí kò tó owó yẹn.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ méjì. Àkọ́kọ́ ni pé inú rere tí a kò yẹ̀ wò lè ba nǹkan jẹ́. Ní Cambridge àti Somerville, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ètò ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1930 fún ọmọkùnrin 506. Wọ́n pín wọn sí méjì, wọ́n fún ìdajì ní olùtọ́nisọ́nà, wọ́n ń lọ kí wọn nílé, wọ́n ń kọ́ wọn níwèé, wọ́n ń kó wọn lọ sí àgọ́ ìsinmi. Joan McCord tọpa wọn ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà. Èyí tó pọ̀ nínú wọn sọ pé ètò náà ran àwọn lọ́wọ́. Àkọsílẹ̀ sọ nǹkan mìíràn: wọn ò sàn ju àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ, nínú ọ̀rọ̀ ọtí, àìsàn àti ikú àìtọ́jọ́, wọ́n tilẹ̀ burú jù. Àlàyé kan tí àwọn olùwádìí fọkàn tán ni àgọ́ yẹn, níbi tí ọmọ oníwàhálà ti ń kọ́ ìwàkiwà lára ọmọ oníwàhálà. Nítorí náà, ẹ má kó gbogbo àwọn ọmọ tó ṣìnà jọ sójú kan kí ẹ wá pè é ní ìrànlọ́wọ́. Ẹ fi wọ́n sáàárín àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti múlẹ̀.

Ìkejì dùn mí láti sọ. Àwọn tó kóra jọ láti lu ọmọ tó jalè pa, àjùmọ̀ṣe ni àwọn náà ń ṣe. Aládùúgbò ni wọ́n. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń na ọmọ òṣì nítorí irun orí rẹ̀, aládùúgbò ni wọ́n. Bí a bá yọ ọlọ́pàá kúrò tí a sì fi irú èyí dípò rẹ̀, a ti mú ọmọ náà kúrò nínú iná sọ sínú èérú gbígbóná. Àdúgbò tí mò ń sọ ni èyí tó ń gbọ́ tẹnu ọmọ kí ó tó pinnu, tí kì í fọwọ́ kàn án, tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kì í sì í pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti sọ pé rárá, kóòtù ni mo fẹ́. Ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, a ò gbọ́dọ̀ fipá mú un jókòó sí ìpàdé kí ìtìjú má bàa dé bá ẹbí kan. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni àwọn àgbà ti tẹ̀ rì lọ́nà yẹn.

Ọlọ́pàá wà níbi tí wọ́n wúlò. Ìbọn tó ń dún, ẹni tí wọ́n ń lù lọ́wọ́, ọmọ tí wọ́n jí gbé, ẹ pè wọ́n kíákíá. Ṣùgbọ́n sísá nílé ìwé, ìjà ọmọ kíláàsì, igbó fífà, ariwo alẹ́, ọmọ tó sá kúrò nílé nítorí ọkọ ìyá rẹ̀, kí ni aṣọ ọlọ́pàá fẹ́ ṣe sí ìwọ̀nyẹn?

Bí àdúgbò kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mi ò ní kí wọ́n fi ẹgbẹ́ ńlá àti ìfilọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé ìwé kan àti àgọ́ ọlọ́pàá kan. Kí wọ́n jọ kọ àdéhùn, kó dá gbogbo wọn lójú irú ẹ̀ṣẹ̀ tí àgọ́ yóò dá padà sí àdúgbò àti irú èyí tí kò ní dá padà. Kí wọ́n wá ẹnìkan tí wọn yóò sanwó fún láti máa pe ìpàdé, torí iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn ń fi ọwọ́ òsì ṣe kì í pẹ́ kó tó kú. Kí ẹni náà gba ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń gbọ́ tẹnu ẹni tó ṣẹ̀ àti tẹnu ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Kí nọ́ńbà kan wà tí ìyá ọmọ lè pè ní aago kan òru, kí ẹnìkan sì gbé e. Kí àwọn ọ̀dọ́ tó ti la irú rẹ̀ kọjá wà lórí ìjókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu, kì í ṣe kí wọ́n máa gbé àga fún àwọn àgbà. Ní ìparí ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ ẹni tí yóò lọ kan ilẹ̀kùn ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wà nínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, torí láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni ẹ̀jẹ́ tí gbogbo èèyàn jẹ́ ti máa ń tutù. Kí wọ́n sì máa kọ ohun tó yọrí sí sílẹ̀, ìyẹn tó yọrí sí rere àti ìyẹn tí kò yọrí sí rere, kí wọ́n lè rí ibi tó kù sí lẹ́yìn ọdún kan.

Àkókò ìbéèrè ti tó. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.